Fort William: Ibùdó Òwò Awọ Ẹran Tí Wọ́n Tún Kọ́, àti Ohun Tó Ń Rú Èèyàn Lójú Nípa Rẹ̀

Ẹni tó bá dé ìlú Thunder Bay, ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, tó sì tọ odò Kaministiquia lọ sókè, yóò bá ọgbà ńlá kan pàdé tí wọ́n to òpó igi yí ká. Ilé tó wà nínú ọgbà náà lé ní ogójì, igi ni wọ́n sì fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Fort William ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri a wọ aṣọ àtijọ́, wọ́n a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé láyé ọdún 1815 tàbí 1816. Kò pẹ́ tí ìbéèrè á fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé òpó wọ̀nyí ti lo igba ọdún lóòótọ́? Kí ni wọ́n ń fi awọ ẹran ṣe tó fi la wàhálà báyìí lọ? Ṣé ibùdó ológun ni? Èwo sì ni Grand Portage, tó wà lápá Amẹ́ríkà, tí àwọn kan ń pìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ibì kan náà ni?

Ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é tú palẹ̀. Orí àwọn èèyàn Yúróòpù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí pé àkẹtẹ̀ tí wọ́n ń dé sórí ló fa gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ń fi awọ náà rán. Wọ́n rán ẹ̀wù díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni owó gidi wà. Ẹranko kan wà nínú omi tútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá tí wọ́n ń pè ní beaver. Eyín iwájú rẹ̀ mú débi pé ó ń fi gé igi lulẹ̀, igi yẹn náà ló sì fi ń sé odò. Irun oríṣi méjì ló wà lára rẹ̀: èyí tó gùn tó sì le lókè, àti èyí tó kúrú tó sì rọ̀ múlọ́múlọ́ nísàlẹ̀. Irun ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí èèyàn bá fi awò amú-nǹkan-tóbi wo fọ́nrán rẹ̀ kan, yóò rí ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá bu omi gbígbóná sí irun náà, tó ń fún un, tó ń yí i, àwọn ìkọ́ yẹn á kọ́ ara wọn mú, irun á di ìtẹ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò hun, tí ẹnikẹ́ni kò sì rán. Omi òjò kì í tètè wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì ti mọ ọ́n ni yóò ṣe dúró. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àkẹtẹ̀ àwọn ọlọ́lá, ti àwọn sójà, ti àwọn àlùfáà àti ti oníṣòwò tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí. Wọ́n ti dẹ beaver ilẹ̀ Yúróòpù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ojú fi yí sí òkè òkun.

Ohun kan wà nínú òwò yìí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, torí pé ó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ awọ ṣe rí gan-an. Nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe awọ tuntun ló gbówó lórí jù. Àlòkù ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń rán awọ beaver pọ̀ di aṣọ ìbora, wọ́n a yí ojú irun rẹ̀ sí ara, wọ́n a sì fi sun, fi ji, fún ìgbà òtútù kan tàbí méjì. Òógùn àti ọ̀rá ara á mú kí awọ náà rọ̀, ìfarakínra á mú kí irun gígùn líle re dànù, yóò wá ku irun múlọ́múlọ́ nìkan. Oníṣòwò á san owó gidi lórí aṣọ tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Nígbà tí irú rẹ̀ kò tó mọ́, awọ tuntun ni wọ́n ń lò, àwọn oníṣẹ́ àkẹtẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn tí wọ́n po mẹ́kúrì mọ́ pa á lára kí irun náà lè kọ́ra dáadáa. Inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí ni wọ́n ti ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n, ìwà wọn a yí padà, ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dàrú.

Ilé iṣẹ́ méjì ló ń du òwò yìí, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ní í lóye Fort William. Hudson's Bay Company ni ẹ̀gbọ́n. Charles Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un níwèé àṣẹ ní 1670. Etí òkun Hudson Bay ni wọ́n kọ́lé sí, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ń retí kí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbé awọ wá bá wọn. North West Company ni àbúrò. Ní Montreal ni àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Scotland, ti para pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1779. Simon McTavish ni òléwájú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kò jókòó retí ẹnikẹ́ni. Inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá ọlọ́jà nílé, àwọn ọmọ Faransé ilẹ̀ Kánádà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wakọ̀ fún wọn. Ti North West Company ni Fort William.

Kò sẹ́ni tó ń dẹ beaver ní Fort William. Ibẹ̀ kì í ṣe oko ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibùdó ológun. Odi igi tó yí i ká wà fún ìṣọ́ ẹrù: ilé ìkẹ́rù ló pọ̀ jù nínú ọgbà náà, owó ńláńlá ló sì wà nínú wọn. Ibi ìpàdé ni, bí ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún.

Ọ̀nà jíjìn ló bí ìpàdé yẹn. Awọ tó dára jù wà ní agbègbè Athabasca, lápá ìwọ̀ oòrùn àríwá. Odò àti adágún tí ọkọ̀ ń gbà máa ń dì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ọgbọ́n tí ọkọ̀ kan lè dá kó kúrò ní Montreal lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́, kó dé Athabasca, kó sì padà wálé kí omi tó tún dì. North West Company bá gé ọ̀nà náà sí méjì. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àwọn ará Montreal á gbéra láti Lachine, lẹ́bàá Montreal, pẹ̀lú ìbọn, ẹ̀tù, aṣọ, ìkòkò, àáké, ìlẹ̀kẹ̀, tábà àti ọtí. Wọ́n á wakọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwọn tó fi ìgbà òtútù gbé nínú igbó á gbé awọ bọ̀ láti òdìkejì. Inú oṣù Keje ni wọ́n ń pàdé létí Adágún Superior, wọ́n á pààrọ̀ ẹrù, kálukú á sì yára padà síbi tó ti wá. Ọ̀nà àwọn ará Athabasca tilẹ̀ jìn kọjá bẹ́ẹ̀. Rainy Lake, tó wà níwájú sí i, ni wọ́n ti ń gba ẹrù tiwọn.

Ọkọ̀ wọn náà jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó ń gba orí adágún ńlá gùn tó mítà 11, ó sì lè ru ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá. Èyí tó ń wọ inú odò kéékèèké gùn tó bíi mítà 7.5, ìdajì ẹrù yẹn ló ń gbé. Èèpo igi birch ni ara àwọn méjèèjì. Wọ́n á tẹ́ èèpo náà, wọ́n á fi gbòǹgbò igi spruce tí wọ́n ti là sí wẹ́wẹ́ rán an, wọ́n á sì fi oje igi tí wọ́n ti yọ́ pẹ̀lú ọ̀rá dí ojú ìrán náà. Òkúta kan péré nínú odò tó láti dá a lu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé èèpo, gbòǹgbò àti oje dání níbi gbogbo, tí wọ́n sì ń tún ọkọ̀ ṣe lálaalẹ́.

Níbi tí odò bá ti ń ru, tàbí tí ilẹ̀ bá la odò méjì láàárín, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹrù, ọkọ̀, ohun gbogbo á kúrò nínú omi. Wọ́n ti di gbogbo ẹrù ní ìwọ̀n kan náà láti ilé: pọ́n-ùn 90, ìyẹn bíi kílò 41, fún ẹrù kan. Awọ beaver tó ń bọ̀ láti inú igbó pàápàá, inú ẹ̀rọ onígi ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi wọ̀n bẹ́ẹ̀. Aláàárù á so okùn awọ fífẹ̀ kan mọ́ ẹrù àkọ́kọ́, á gbé okùn náà kọ́ iwájú orí, ẹrù á wà lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á wá gbé ẹrù kejì lé àkọ́kọ́ lórí. Kílò 82 nìyẹn. Á tẹ̀ síwájú, á sì máa rìn kíákíá ní ẹsẹ̀ kúkúrú-kúkúrú, torí pé bó bá dúró, ẹrù náà á túbọ̀ wúwo. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á padà lọ gbé òmíràn. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà orí ilẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó wà ní Grand Portage, gùn tó kìlómítà 14, òkè ló sì ń gùn.

Grand Portage ni ibùdó ìpàdé àkọ́kọ́, ṣáájú Fort William. Ó wà ní etí Adágún Superior, níbi tí ìpínlẹ̀ Minnesota wà lónìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Anishinaabe, tí a tún ń pè ní Ojibwe, ti ń rin ọ̀nà náà tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n. North West Company gbilẹ̀ síbẹ̀ láàárín ọdún 1780 sí 1789. Ṣùgbọ́n ní 1783, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ogun òmìnira Amẹ́ríkà, wọ́n sì fa ààlà. Nígbà tí wọ́n wo ààlà náà dáadáa, apá Amẹ́ríkà ni Grand Portage bọ́ sí. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1794 tún jẹ́ kó hàn pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì máa kó kúrò ní àwọn ibùdó wọn tó wà lápá yẹn. Owó ibodè ló ba àwọn oníṣòwò Montreal lẹ́rù. Ní 1798, Roderick McKenzie, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tún rí ọ̀nà kan tí àwọn Faransé ti ń gbà nígbà kan rí, tó gba odò Kaministiquia kọjá. Àwọn Faransé ti kọ́ ibùdó síbẹ̀ ní 1717. Ní 1803, ìpàdé ọdọọdún kó lọ sẹ́nu odò náà. Ní 1807, wọ́n sọ ibùdó tuntun náà ní Fort William, orúkọ William McGillivray, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò McTavish, tó ti di olórí ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí pé ibùdó méjì ni, ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, ààlà orílẹ̀-èdè ló sì mú wọn ṣí kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìtàn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò yà mí lẹ́nu, torí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ti tún kọ́.

Nígbà tí Fort William gbayì jù, èèyàn lè rí oríṣi ẹ̀dá gbogbo níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Àwọn alájọni ilé iṣẹ́ a jókòó nínú Gbọ̀ngàn Ńlá, wọ́n a jẹun, wọ́n a sì jíròrò bí ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Ara ògiri gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ gbàǹgbà tí David Thompson yà kọ́ sí, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn odò àti òkè láti Adágún Superior dé Òkun Pàsífíìkì. Àwọn atukọ̀ ní tiwọn kò wọ gbọ̀ngàn yẹn. Ìta odi ni wọ́n ń sùn, lábẹ́ àgọ́ tàbí lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ọdún 1816 tí wọ́n máa ń dárúkọ níbẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Lord Selkirk, ọmọ ìjòyè Scotland tó ní ìpín nínú Hudson's Bay Company, ti kó àwọn àgbẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Red River, lórí ọ̀nà tí oúnjẹ North West Company ń gbà. Ẹran ẹfọ̀n gbígbẹ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ọ̀rá ni oúnjẹ náà, àwọn Métis, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ àti ti òyìnbó pa pọ̀ nínú wọn, ló sì ń ṣe é. Ní 1814, gómìnà ibùdó Selkirk kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó oúnjẹ jáde mọ́. Ìjà dé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1816, ní Seven Oaks, wọ́n pa gómìnà tó jẹ tẹ̀ lé e, Robert Semple, pẹ̀lú bí ogún èèyàn. Selkirk wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn sójà De Meuron tí wọ́n ti parí iṣẹ́ ogun. Nígbà tó gbọ́, ó yà sí Fort William nínú oṣù Kẹjọ, ó mú McGillivray àtàwọn alájọni rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó wọn lọ jẹ́jọ́, ó sì fi ibùdó náà ṣelé títí ìgbà òtútù fi kọjá. Ẹjọ́ náà gbé owó púpọ̀ jẹ ní ìhà méjèèjì. Ní 1821, North West Company wọnú Hudson's Bay Company, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn wà títí di 2025, ọdún tó ti gbogbo ilé ìtajà rẹ̀ pa.

Ìdàpọ̀ yẹn ló pa Fort William. Ọkọ̀ òkun láti Lọ́ńdọ̀nù lè gúnlẹ̀ tààrà sí Hudson Bay, kí ló wá kù tí èèyàn ń tọ ọ̀nà Montreal tó jìn gbọọrọ fún? Ibùdó náà di kékeré, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe ń parí lọ, ojú irin dé, ibi tí àwọn oníṣòwò awọ ti ń pàdé ni Canadian Pacific Railway wá fi ṣe àgbàlá ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n wó ìyókù ilé tó wà níbẹ̀ dànù.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà níbí. Òpó tí àlejò ń wò lónìí kì í ṣe ti 1816. Ìjọba Ontario kéde ní 1971 pé àwọn yóò tún ibùdó náà kọ́, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún aráàlú ní 1973. Kì í ṣe ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, torí pé ojú irin ti gbà á. Nǹkan bíi kìlómítà 14 sókè odò ni wọ́n gbé e lọ, sí Pointe de Meuron, ibi tí wọ́n fi orúkọ àwọn sójà Selkirk pè. Ibùdó North West Company wá ń jókòó lónìí lórí ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí níbi àtijọ́, pẹ̀lú àwòrán àti àkọsílẹ̀ àwọn tó gbé ibẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé.

Àwọn kan gbà pé irọ́ ni ohunkóhun tí wọ́n bá tún kọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ìwé ṣe lè jẹ́ kí èèyàn mọ bí kílò 82 ṣe ń fa ọrùn, tàbí òórùn oje igi tó ń hó lórí iná. Irọ́ á wọ̀ ọ́ nígbà tí wọn kò bá sọ fún àlejò pé ojú ibẹ̀ gan-an kọ́ nìyí, tàbí nígbà tó bá jẹ́ ìtàn àwọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn nìkan ni wọ́n ń sọ.

Àwọn tó wà níta odi ló gbé òwò náà ró. Obìnrin Anishinaabe ló ń ṣe iṣẹ́ awọ, ló ń rán ojú ọkọ̀, ló ń hun bàtà yìnyín, ló ń kórè ìrẹsì inú adágún tí wọ́n ń tà fún ibùdó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ ìyàwó láàárín wọn lọ́nà ìbílẹ̀, ìbátan àna yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn ọjà fún wọn. Àwọn èèyàn dúdú náà wà níbẹ̀. Olórí ológun Gẹ̀ẹ́sì kan ní Mackinac kó Jean Bonga àti ìyàwó rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ní 1787, wọ́n di òmìnira. Pierre ọmọ wọn ṣiṣẹ́ fún North West Company lágbègbè Red River, ó sì fẹ́ obìnrin Ojibwe. George, ọmọ Pierre, kàwé ní Montreal, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Ojibwe, ó sì di ògbufọ̀ àti oníṣòwò awọ tí gbogbo ayé mọ̀ ní Minnesota.

Tábà tó wà nínú ẹrù náà tún fà wá mọ́ra ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Hudson's Bay Company máa ń ra tábà Brazil ní Lisbon láti gbé lọ sí Kánádà, torí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju òmíràn lọ. Bahia ni tábà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, wọ́n á yí i bí okùn, wọ́n á sì fi omi ìrèké pa á lára. Tábà Bahia náà ni wọ́n ń gbé wá sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, láti fi ra èèyàn, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá padà lọ sí Bahia. Ọjà kan náà ló ń ra awọ ní òpin ayé kan, tó ń ra ẹ̀dá ní òmíràn.

Bí ẹ bá ní àyè láti wo ibùdó méjèèjì, ẹ wo méjèèjì, ọ̀nà kò jìn sí ara wọn. Ní Fort William, ẹ kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ àwọn Anishinaabe tó wà lóde odi kí ẹ tó wọ Gbọ̀ngàn Ńlá. Ní Grand Portage, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún un kọ́ sí. Lẹ́yìn tí wọ́n walẹ̀ ibẹ̀ ní 1936 àti 1937, àwọn ọmọ Ojibwe fúnra wọn wà lára àwọn tó gbé odi àti gbọ̀ngàn dìde. Mànàmáná sun gbọ̀ngàn náà ní 1969, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn Ojibwe Grand Portage ló yọ̀ǹda ilẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó lè sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí ní 1958. Láti 1999 ni wọ́n ti ń bá ìjọba ṣàkóso rẹ̀ pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ló sì ń rọ́pò òpó odi nígbà tó bá jẹrà.